A kì í fá orí lẹ́yìn olórí: lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ olùdarí ilé ìwòsàn wa

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ olùdarí,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Èmi ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó wà ní yàrá fáìlì, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń san owó káàdì. Ó di ọdún 11 báyìí tí mo ti ń tọ́jú ìwé nílé ìwòsàn yìí. Púpọ̀ nínú yín kò mọ orúkọ mi, n kò sì ní kọ ọ́ síbí. N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà pẹ̀lú, torí àwọn aláìsàn tó gbẹ́kẹ̀ lé wa kò ṣẹ̀ wá, n kò sì fẹ́ kí ẹ̀rù ba ẹnikẹ́ni láti wá gbàtọ́jú nítorí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó wà láàrin àwa àti ẹ̀yin. Bí ẹ bá ka díẹ̀ sí i, ẹ ó mọ̀ pé ẹ̀yin ni mò ń bá wí.

Ní oṣù Kẹta, akọ̀wé ọ́fíìsì alákòóso gbé àpò ìwé kan wá bá mi. Ó ní kí n ṣe ẹ̀dà ohun tó wà nínú rẹ̀ fún agbẹjọ́rò, kí n sì to ojúlówó wọn sí fáìlì. Ìwé 43 ni. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: pé ẹni tó fọwọ́ sí i ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ láti ọjọ́ náà lọ, àti pé kí wọ́n má ṣe yọ owó ẹgbẹ́ nínú owó oṣù òun mọ́. Kọ̀ǹpútà kan náà ló tẹ gbogbo wọn. Lẹ́tà kan já bọ́ nínú ọ̀rọ̀ kan ní ìlà kejì, ibì kan náà ló sì ti já bọ́ nínú ìwé 43. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún orúkọ àti ìbuwọ́lùwé nìkan ni wọ́n fi bírò kọ nǹkan sí. Ọjọ́ kan náà ló wà lórí gbogbo wọn. Mo rántí ọjọ́ yẹn dáadáa, torí pé méjì nínú àwọn tó ni orúkọ wà nínú ìsinmi, ẹnì kan sì ń rọbí lọ́wọ́ ní wọ́ọ̀dù ìbímọ wa lókè. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n kì bá tí sọ ọ́.

Àwọn ìwé yìí ni agbẹjọ́rò yín kó síwájú adájọ́ ní ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, National Industrial Court, láti fi sọ pé ẹgbẹ́ tó ń ṣojú wa kò lẹ́nì kan lẹ́yìn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó bá ti dé iwájú adájọ́, adájọ́ ló ni í. N kò wá dá ẹjọ́. Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ kó ìwé wọ̀nyẹn kúrò níbẹ̀. Ọwọ́ mi ni wọ́n gbà kọjá. Ìwé ni iṣẹ́ mi, mo sì mọ bí ìwé tí ènìyàn fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ kọ ṣe máa ń rí.

Wọ́n pe èmi náà. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, èmi àti ọ̀gá alákòóso nìkan la wà nínú ọ́fíìsì. Ìwé náà wà lórí tábìlì, bírò wà lórí rẹ̀, lẹ́tà ìgbéga mi tí mo ti ń retí láti oṣù Kẹwàá ọdún tó kọjá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n yí ojú rẹ̀ sọ́dọ̀ mi kí n lè kà á. Kò sẹ́ni tó halẹ̀ mọ́ mi. Wọ́n fi omi lọ̀ mí, wọ́n béèrè àwọn ọmọ mi. Wọ́n kàn ní ilé ìwòsàn kò fẹ́ ìdàrúdàpọ̀, àti pé àwọn tó bá fọkàn tán wa là á gbé ga. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ rò ó. Títí di òní tí mò ń kọ èyí, lẹ́tà ìgbéga náà kò tíì dé ọwọ́ mi.

N kò dá ẹni tó fọwọ́ sí i lẹ́bi. Arákùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn lọ sí tíátà bá mi ní yàrá fáìlì lọ́jọ́ kejì. Kò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ló ní, "Àǹtí, ọmọ mẹ́ta ló wà nílé ìwé." Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé ẹgbẹ́ wọ ilé yìí, torí mo ti kà á nínú ìwé ẹjọ́ yín pé àwọn ará ìta ló wá da wá láàmú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í sì í ṣe owó oṣù ló kọ́kọ́ mú wa ronú rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn agbálẹ̀ wa gbé ọ̀rá ìdọ̀tí láti wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ. Ẹnì kan ti ju abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò sínú rẹ̀ láìfi sínú àpótí tó yẹ. Abẹ́rẹ́ náà gún un wọ àtẹ́lẹwọ́. Gbogbo ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ló mọ ohun tó kàn: oògùn kan wà tí wọ́n máa ń fún ènìyàn kí kòkòrò HIV má bàa ráyè wọlé. Láàrin wákàtí 72 ló gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, bó bá ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ tó ló ṣe dára tó, ọjọ́ 28 ni yóò sì fi lò ó. Obìnrin yìí lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó lọ sí ọ́fíìsì alákòóso. Wọ́n ní kó lọ kọ ìwé wá. Kò mọ̀wé kọ, ó wá bá mi, mo bá a kọ ọ́. Wọ́n ní ta ni yóò san owó àyẹ̀wò. Àwọn olùṣírò owó ní àwọn kò rí àṣẹ. Ilẹ̀ ṣú. Ilẹ̀ mọ́. Ó tó nǹkan bí ogójì wákàtí kí nọ́ọ̀sì kan tó fa ọwọ́ rẹ̀, tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba nínú mọ́tò ara rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti dá a lóhùn. Ara rẹ̀ le lónìí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ogójì wákàtí yẹn, kò sí ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé ńlá yìí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dìde dúró kó ní, "Ẹ dákẹ́ ìwé ná, ẹ fún obìnrin yìí lóògùn."

Ẹni yẹn là ń wá. Ìyẹn nìkan ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jẹ́ fún wa nígbà tí a kọ́kọ́ jókòó sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi tó wà lẹ́yìn ilé ìfọṣọ.

Ohun mẹ́ta ni ìwé ẹjọ́ yín gùn lé. Àkọ́kọ́ ni pé iṣẹ́ kòṣeémánìí ni iṣẹ́ ìlera, nítorí náà ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Èyí kò gba àlàyé púpọ̀. Òfin Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ ka àwọn tí kò gbọ́dọ̀ wọ ẹgbẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: ọmọ ogun orí ilẹ̀, ti omi àti ti òfuurufú, ọlọ́pàá, aṣọ́bodè, àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀wọ̀n, báńkì àpapọ̀, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ owó, àti irú wọn. Ilé ìwòsàn kò sí níbẹ̀. Òfin fi ìdíwọ̀n sí ìyanṣẹ́lódì nínú iṣẹ́ kòṣeémánìí lóòótọ́, pàápàá láti ìgbà àtúnṣe ọdún 2005, ṣùgbọ́n ìyanṣẹ́lódì lọ̀tọ̀, jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ lọ̀tọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera yòókù ní ilé ìwòsàn ìjọba ti wà nínú ẹgbẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Mo mọ ẹ̀rù tó ń bà yín, n kò sì fojú kékeré wò ó. Ní 2018, nígbà tí JOHESU, àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, yanṣẹ́ lódì fún ohun tó lé ní 40 ọjọ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba, ọ̀dọ̀ wa ni ọ̀pọ̀ aláìsàn sá wá. Èmi ni mo ṣí káàdì fún wọn. Mo rí àwọn tí kò rí owó san tí wọ́n padà sílé. N kò fẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ níbí, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó fẹ́ ẹ. Ẹni tí kò bá rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ló máa ń dé ibi tí yóò ti pa iṣẹ́ tì.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ló dùn mí jù, torí orí rẹ̀ ni ìwé 43 wà. Ẹ ní jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ ti ìfẹ́ inú, ẹ sì tọ́ka sí òfin 2005 yẹn kan náà. Òótọ́ ni. Òfin náà ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fipá mú òṣìṣẹ́ wọ ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ẹni tó bá kọ̀ láti wọ̀ ọ́ tàbí láti dúró nínú rẹ̀. Mo gbà á tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí Òfin Iṣẹ́ pẹ̀lú, abala 9. Ó ní kò sí àdéhùn iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di dandan pé kí òṣìṣẹ́ wà nínú ẹgbẹ́ tàbí kó má wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ lé òṣìṣẹ́ tàbí kó pa á lára nítorí pé ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ ṣí abala 5 náà. Níbẹ̀, agbanisíṣẹ́ ni òfin ní kó máa yọ owó ẹgbẹ́ nínú owó oṣù àwọn tó yẹ kó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, kó sì fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́. Òṣìṣẹ́ tí kò bá fẹ́ ni yóò kọ̀wé pé òun kò ṣe. Bí ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ṣe ń túmọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé òṣìṣẹ́ tó wà ní ìpele kékeré ti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ títí tí òun fúnra rẹ̀ yóò fi kọ̀wé láti jáde. Òṣìṣẹ́ àgbà ni yóò kọ̀wé kó tó wọlé.

Òun fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀ ni yóò bá a tẹ ìwé náà. Kì í ṣe iwájú lẹ́tà ìgbéga ni yóò ti fọwọ́ sí i. Àwọn àgbà wa ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí, ẹni tó sì ń rọbí lọ́wọ́ ní wọ́ọ̀dù ìbímọ, orí tirẹ̀ ni wọ́n fá lẹ́yìn rẹ̀ ní ọ́fíìsì alákòóso lọ́jọ́ yẹn.

Mo tún fẹ́ sọ òtítọ́ tó lè má dùn mọ́ àwọn tiwa. Ìdajì ọ̀rọ̀ yín lórí àwọn òṣìṣẹ́ àgbà jóòótọ́. Àwọn mátírọ́nì àti olórí ẹ̀ka kan wà tí ẹgbẹ́ ka orúkọ wọn mọ́ tiwọn láìrí ìwé kankan gbà lọ́wọ́ wọn. Ìyẹn kò dára, mo sì ti sọ ọ́ lójú àwọn aṣojú wa. Àwọn olóyè ẹgbẹ́ láti òkè náà kò wá bá wa ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láti ìgbà tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, àwòrán ni wọ́n wá yà. Bí ẹ bá fẹ́ kí adájọ́ yọ orúkọ àwọn àgbà òṣìṣẹ́ tí kò kọ̀wé, èmi kò ní jà. Ṣùgbọ́n nínú àwọn 43 yẹn, àwọn agbálẹ̀, atìkẹ̀kẹ́, alásè, aṣọ́nà àti àwa tó ń to fáìlì ló pọ̀ jù. Àwa gan-an ni òfin ní kí wọ́n máa kà mọ́ ọmọ ẹgbẹ́ títí di ìgbà tí a bá sọ pé a kò ṣe.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni ìgbìmọ̀ ìgbáyégbádùn òṣìṣẹ́ tí ẹ dá sílẹ̀. Ẹ sọ fún ilé ẹjọ́ pé a ti ní ẹni tó ń ṣojú wa. Ọ̀gá alákòóso ló ń yan alága ìgbìmọ̀ náà, ọ́fíìsì rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣèpàdé, àkọsílẹ̀ ìpàdé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ti ra àga fún yàrá ìsinmi, wọ́n sì máa ń pín ìrẹsì nígbà ọdún. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àkọsílẹ̀ náà, n kò rí ibi tí wọ́n ti sọ "rárá" fún yín lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ obìnrin tí abẹ́rẹ́ gún kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbìmọ̀ náà wà nígbà yẹn. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 1960, nígbà tí òmìnira wa kò tíì pé ogúnjọ́, Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, ILO, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 98. Àdéhùn yẹn ní agbanisíṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ tàbí kó gbọ́ bùkátà rẹ̀ kó lè máa darí rẹ̀. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ìwé òfin ilẹ̀ wa tó fìdí ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ múlẹ̀ fún adájọ́ láyè láti gbé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò.

Ọ̀kan nínú yín tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an sọ nínú ìpàdé gbogbo òṣìṣẹ́ pé, ṣé dandan ni ẹgbẹ́ tó ti ìta wá, kí ló dé tí a kò dá tiwa sílẹ̀ nínú ilé níbí? Mo mọ̀ pé ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọkàn rere. Ọ̀nà yẹn ti dí tipẹ́. Kí ọdún 1978 tó dé, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó wà ní Nàìjíríà lé ní ẹgbẹ̀rún, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀, àwọn kan kò sì ju ọwọ́ ènìyàn díẹ̀ lọ. Ọdún yẹn ni ìjọba kó wọn pọ̀ sí ẹgbẹ́ 42 gẹ́gẹ́ bí irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Láti ìgbà náà, àádọ́ta òṣìṣẹ́ lè kóra jọ kí wọ́n béèrè ìforúkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ní wọn kò gbọ́dọ̀ fún wọn bí ẹgbẹ́ kan bá ti wà tó ń bójú tó irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ ti wà fún àwa òṣìṣẹ́ ìlera. Ẹgbẹ́ tó bá sì ti forúkọ sílẹ̀, òfin kò ní kí agbanisíṣẹ́ kọ́kọ́ rò ó bóyá òun fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní kó dá a mọ̀.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ wo bí ọ̀nà yìí ṣe jìn tó. Láti 2017 tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ pé ìdájọ́ ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ṣeé gbé lọ sí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, bí ẹ bá jàre lónìí, ẹgbẹ́ lè gbé e lọ síbẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bá jàre, ẹ̀yin náà lè gbé e lọ. Ọdún lè gorí ọdún. Nọ́ọ̀sì mẹ́fà ló ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Kẹta, mo mọ̀ torí èmi ni mo ń pa fáìlì wọn dé. Mẹ́rin nínú wọn ń lọ sókè òkun. Méjì kò lọ síbì kankan, ọkàn wọn ló kúrò níbí.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ ní kí agbẹjọ́rò yín yọ ìwé 43 náà kúrò nínú ẹ̀rí. Ẹ dá wọn padà fún ẹni tó ni orúkọ. Ẹni tó bá fẹ́ jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ lóòótọ́, kó lọ jókòó sílé rẹ̀, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, ní èdè tó bá fẹ́, lọ́jọ́ tó bá fẹ́. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, kó mú ẹni tó fọkàn tán wá bá a kọ ọ́. Bí àwọn tó jáde bá sì pọ̀ ju àwọn tó kù lọ, èmi ni n ó kọ́kọ́ gbà pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ gbà kí ọ̀rọ̀ yòókù lọ sí ibi ìpẹ̀tù-síjà tí ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní, kí ẹ̀yin àti àwọn aṣojú tí a dìbò yàn jókòó lójúkojú. Kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí a ó jọ sọ níbẹ̀ jẹ́ ti abẹ́rẹ́: ta ni yóò fún òṣìṣẹ́ lóògùn, níbo, láàrin wákàtí mélòó, láìsí ìwé kankan.

Mo mọ ohun tí lẹ́tà yìí lè fà bá mi. Mo ti bá ọkọ mi sọ ọ́, a sì ti gbà á bẹ́ẹ̀.

Ojúlówó ìwé náà wà nínú páálí aláwọ̀ ewé, lórí pẹpẹ kẹta, lápá ọ̀tún bí ènìyàn bá wọ yàrá fáìlì. Bí ẹ bá rán ẹnì kan wá pẹ̀lú àṣẹ yín láàárọ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, n ó ti dá gbogbo wọn padà fún àwọn tó ni wọ́n, lọ́wọ́ sí ọwọ́.

Tiyín ní tòótọ́,
Òṣìṣẹ́ yín ní yàrá fáìlì